Ìpara Tí Mo Dà Sódò, Tí Wọ́n Fi Lé Bàbá Súlè Kúrò Lóko

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mi ò lè gbé e mì mọ́.

Abúlé kan lẹ́bàá ìlú Rore ni mò ń gbé. Ìpara tó ń mú ara pupa ni mò ń pò tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Òun ni mo fi tọ́mọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, odindi àgbá ìpara bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ń rùn, ó sì ń ta mí lára. Mi ò lè dà á sẹ́yìnkùlé nítorí àwọn adìyẹ mi. Ẹ wò ó, adìyẹ ni mo rò, mi ò ro èèyàn. Mo gbé e lọ sí òkè odò, mo dà á síbẹ̀, mo ní omi á gbé e lọ.

Odò wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣe ló máa ń dúró ní kòtò kòtò, inú kòtò wọ̀nyẹn sì ni àwọn obìnrin ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ láfún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń rẹ tèmi níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ kó ẹ̀gẹ́ wọn, ẹja ti kú, wọ́n léfòó. Ẹ̀gẹ́ ti dúdú, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dànù.

Bàbá Súlè ló ń dáko létí odò náà, ó sì máa ń fi páńpù fín oògùn koríko. Òun ni wọ́n mú. Ó búra níwájú àwọn àgbà pé nídìí kànga ilé òun lòun ti ń fọ páńpù. Wọ́n ti fẹ́ gbà á gbọ́. Ni mo bá dìde, mo ní mo rí i tó ń fọ páńpù lódò. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Mi ò rí nǹkan kan.

Wọ́n gba oko náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn òkè ló wá ń dáko báyìí, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn ín.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ó ń wá nǹkan tí yóò fi pa gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti là. Ojú tì mí, mi ò lè wo ẹsẹ̀ náà.

Ó ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, má sá fún mi mọ́. Mo ti rò ó títí. O ò lè déédéé parọ́ mọ́ mi. Wàláhì, ó lè jẹ́ pé mo fọ páńpù náà lódò, kí n wá gbàgbé. Ogbó ti dé. Mo ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun.”

Òrí ni mo bù fún un. Mi ò jẹ́ fi ìpara mi kàn án lára. Ó gbà á, ó sì ṣàdúà fún èmi àti àwọn ọmọ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá a nílé ni, àbí kí n gba ọ̀dọ̀ àwọn àgbà lọ tààrà? Bí mo bá jẹ́wọ́, ọjà mi parí, wọn á sì máa pe àwọn ọmọ mi lọ́mọ òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìdáhùn yín pẹ́. Gbogbo ìgbà tí bàbá yẹn bá ti forí kanlẹ̀ kírun, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ló ń bẹ Ọlọ́hun fún.