Wọ́n Fi Orúkọ Sáfú Sọ Òpópónà

Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn ti ògiri ná. Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè pọn ọmọ láti Okokomáíkò dé ọ̀nà Ìjanikin láì sinmi, oko ni gbogbo ibi tí ẹ ń wò yìí. Ibi tí wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́ta sí lẹ́yìn Ìbà yẹn? Ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ̀gẹ́ àti ata, títí dé ibi tí ojú lè ríran dé. Lónìí, ẹ fi ẹsẹ̀ ata kan ṣoṣo hàn mí níbẹ̀…

Oko olówó kan ni. A ò rí olóko yẹn sójú rí, fóòmáànù la mọ̀. Àwa obìnrin la pọ̀ jù nínú àwọn lébírà. A máa ń tẹ́ àwọn ọmọ wa sábẹ́ igi. Bí ọmọ bá ń ké, o ò gbọdọ̀ lọ fún un lọ́mú àfi tí aago ìsinmi bá lù. Ẹ gbọ́, o máa dá igbe ọmọ tìẹ mọ̀ láàrin ọmọ mẹ́wàá, omi ọmú á máa kán sára aṣọ ẹ, wàá sì máa roko lọ. Ta ló lè gbà á lónìí?

Omi mímu ńkọ́? Dúróòmù tí wọ́n fi po oògùn kòkòrò ni wọ́n ń pọn ọ́n sí.

Sáfúrátù tí a ń pè ní Sáfú, ọmọ Ìsẹ́yìn, wà lára wa; yàrá tèmi àti tiẹ̀ kọjú síra wọn ní Okokomáíkò. Lọ́jọ́ kan, obìnrin Ègùn kan mu omi yẹn, ó bì títí ó fi dákú. Sáfú bu ife kan, ó gbé e lọ bá fóòmáànù.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ mu ún."

Fóòmáànù ní, "Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Ẹ mu ún, ká máa báṣẹ́ lọ."

Kò mu ún o.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Sáfú ń lọ láti yàrá dé yàrá. "Lọ́la, ká má fọwọ́ kan ọkọ́. Ká jókòó sẹ́nu ọ̀nà oko títí wọ́n á fi fún wa lómi tó mọ́, tí wọ́n á jẹ́ ká máa fún ọmọ wa lọ́mú." Gbogbo wa ní ó dáa. Èmi náà ní ó dáa.

Ṣùgbọ́n bàbá yín àgbà wà lórí ẹní nígbà yẹn, ẹsẹ̀ wọn wú, wọn ò lè dìde. Bí wọ́n bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́, kí la fẹ́ jẹ? Mo gba ẹ̀yìn oko wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi nìkan. Mo rò pé ẹnikẹ́ni ò rí mi. Àfi bí fóòmáànù ṣe figbe ta sí àwọn tó jókòó síta: "Ẹ wò ó, Àbẹ̀kẹ́ ń ṣiṣẹ́!" Mi ò lè gbójú sókè.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó. Ní ọjọ́ karùn-ún, olóko gbà, wọ́n gbẹ́ kànga fún wa, wọ́n ta àtíbàbà fún àwọn ọmọ, wọ́n ní ká máa lọ fún wọn lọ́mú. Wọ́n sì lé Sáfú. Èmi tí mo wọlé, ọmọ mi sùn lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Ọmọ Sáfú ò sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Kò ríṣẹ́ oko mọ́. Ó wá ń lọ láti oko dé oko, Ọ̀jọ́, Ìbà, Ìjanikin, ó ń bá àwọn lébírà sọ̀rọ̀. "Oníwàhálà" ni wọ́n ń pè é. Onílé wa lé e jáde. Lónìí, àdúgbò kan náà ń pè é ní akíkanjú. Ìgbà wo ló yí padà? Ṣé mo sùn ni?

Mo pàdé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jà Àlàbá. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́! Ọmọ ńkọ́?" Mo ní dáadáa ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ. Ikú ẹ̀ ni mo tún gbọ́.

Oṣù tó kọjá ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wá bá mi. "Màmá, a fẹ́ fi orúkọ Màmá Sáfú sọ òpópónà. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù nínú àwọn tó dúró tì wọ́n nínú ìjà yẹn."

Nígbà tó di ọjọ́ ayẹyẹ, mo lọ. Wọ́n ya àwòrán obìnrin gàgàrà kan sára ògiri, ó na ọwọ́ sókè. Ṣé Sáfú nìyẹn? Sáfú kúrú. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé máíkì fún mi. Mo ní, "Mi ò dúró tì í. Mo wọlé lọ ṣiṣẹ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́! Ẹni tó ń darí ètò gba máíkì, ó ní, "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ àgbà!" Ìrẹ̀lẹ̀ kẹ̀?

Ìgbà tí wọ́n ń pín omi ni ọmọbìnrin Sáfú wá kúnlẹ̀ níwájú mi. "Màmá, màámi sọ fún wa. Àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rí yín bẹ́ ẹ ṣe ń gba ẹ̀yìn oko. Àwọn kan fẹ́ dìde wá fà yín jáde. Màámi ní, 'Ẹ fi í sílẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ò lè dìde. Ẹ jẹ́ ó lọ.'"

Ó ti mọ ìdí tí mo fi wọlé látọjọ́ yẹn… Kí ló dé tí kò bú mi? Ṣé àánú mi ló ṣe é, àbí ó kàn fojú fò mí ni? Inú mi dùn, ojú ń tì mí, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá mọ ẹni tó ń jà fún yín báyìí, ẹ lọ bá a, ẹ bá a sọ̀rọ̀, nígbà tó ṣì lè dá yín lóhùn. Mo padà lọ sí òpópónà yẹn láàárọ̀ àná. Mo dúró níwájú bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí, mo ní, "Sáfú, o ṣé." Ọlọ́kadà kan dúró tì mí, ó ní, "Màmá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

Mo nawọ́ sí bọ́ọ̀dù, mo ní, "Ọ̀dọ̀ ẹni yìí ni mo wá."