Èmi Tí Mò Ń Wa Lífìtì Ni Wọ́n Ní Kí N Ṣáájú Lórí Àtẹ̀gùn

Rọra, rọra o! Orúnkún ni, kì í ṣe ẹ̀wù lò ń fọ̀. Háà! Ìyàwó mi, wọ́n dójú tì mí níbi iṣẹ́ lónìí, ojú ọ̀hún náà ni mo sì gbé wálé yìí, wò ó dáadáa, ṣé nǹkan kan ṣẹ́kù lára ẹ̀?

Ọ̀gá wa ni! Ó lọ sípàdé kan, ó dé, ó ní ìjókòó ń pa àwa òṣìṣẹ́, pé gbogbo wa gbọ́dọ̀ máa mira. Ó bá ti lífìtì pa! Lífìtì tèmi! Èyí tí mo ti ń wà láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi, ó fi àgádágodo sí i, ó ní àtẹ̀gùn ni ká máa gùn láràárọ̀. Mo ní kò burú, màá jókòó sísàlẹ̀, màá máa kí wọn pé ẹ kú ìrọ́jú. Ó ní rárá o, bàbá, ẹ̀yin lẹ ó ṣáájú, ẹ̀yin lẹ mọ ilé yìí jù.

Èmi! Ọlọ́run ló gbọ́, ẹsẹ̀ mi ò mọ àtẹ̀gùn yẹn rí. Orí àpótí ni mo máa ń jókòó sí nínú lífìtì, ara mi ló ń sọ fún mi pé a ti dé àjà báyìí-báyìí, màá kéde, màá ṣílẹ̀kùn, wọn ó bọ́ sílẹ̀. Ta ní ń wo nọ́ńbà? Ibi tí mo bá wí labẹ́ gé.

La bá ń gùn ún. Mo di irin àtẹ̀gùn mú, mò ń fà á bí okùn kànga, ọ̀gá ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi, "Ó kù díẹ̀, bàbá!" Ara mi wá sọ fún mi pé ìyà tó tó báyìí, àjà kẹrin tiwa la dé yìí. Mo bá kéde: "Àjà kẹrin! Ẹ máa wọlé!" Mo ṣílẹ̀kùn, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìṣe mi, gbogbo wọn rọ́ wọlé, tọ̀gá tòṣìṣẹ́, tòógùn tòógùn, èmi náà wọlé, mo wó sórí àga tó sún mọ́ mi jù.

Àjà kejì ni, ìyàwó mi. Àjà kejì! Ọ́fíìsì àwọn lọ́yà! Wọ́n ń ṣèpàdé wọn jẹ́jẹ́, àga alága wọn ni mo wó sí, alága dúró, ife omi wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń wò mí.

Ta ló wá fà mí dìde? Akọ̀wé wọn. Àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ! Ẹni tó ń kó àwọn òbí ẹ̀ bọ̀ ní Sátidé, tí mo ti ní màá lé padà, pé akọ̀wé lásán ò lè fẹ́ ọmọ mi. Ẹni tí mo máa ń tilẹ̀kùn lífìtì mọ́ níta tí mo bá ti rí i tó ń sáré bọ̀. Òun ló di apá mi mú, ó sọ sí mi létí pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ó ku àjà méjì." Létí ni o! Ó wá yíjú sí wọn, ó ní òun lòun pe bàbá wọlé, ọ̀rọ̀ kan làwọn jọ ń sọ. Ó parọ́ nítorí mi, níwájú àwọn lọ́yà!

Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ṣí àgádágodo, ọmọkùnrin yẹn ló tẹ bọ́tìnì fún mi. Èmi, èrò nínú lífìtì ara mi!

Kí lo wí? Kí n ní mo rìnrìn àjò ní Sátidé? Ẹsẹ̀ wo ni màá fi rìn ín?

Akọ̀wé yẹn ti pè ọ́? Nígbà wo? Kí ló sọ?

Ó kàn ní ṣé ara mi ti balẹ̀? Kò sọ nǹkan mìíràn? Kò sọ fún ọmọ rẹ pàápàá?

Háà. Èyí tiẹ̀ tì mí lójú ju ti lọ́yà lọ. Gbogbo èébú tí mo ti kó sílẹ̀ de àwọn òbí ẹ̀, ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́? Pè é. Pè é, mo ní, kí wọ́n máa bọ̀. Ẹni tó rí ìhòòhò ẹni tí kò pariwo, kí ló tún kù kó ṣe kó tó di ẹbí? Ṣùgbọ́n wí fún un o, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín tó bá rí mi, nítorí tó bá rẹ́rìn-ín pẹ́nrẹ́n...

Ìwọ! Ìwọ gan-an lò ń rẹ́rìn-ín! Ó dáa. Rín in. Rín in tán lónìí, kó má baà ṣẹ́kù di Sátidé.