Ìlà Tín-ín-rín Lára Ẹsẹ̀ Bàálù

Iṣẹ́ tí ìyàwó mi rán mi kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ó ní kí n bá òun sọ fún àbúrò òun ọkùnrin pé òun ti dárí jì í. Mo ní màá jẹ́ ẹ. Ó sùn, kò sì jí mọ́. Láti ìgbà tí a ti sin ín ni mo ti ń gbé ìdáríjì náà kiri bí ẹni tí ẹrù ẹlẹ́rù wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àbúrò rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ṣẹ̀. Màá sọ ọ́ bí ó ti rí, n kò ní fi iyọ̀ sí i, n kò sì ní bu omi là á.

Iṣẹ́ mi ni títún ẹsẹ̀ bàálù ṣe. Kì í ṣe ti bàálù ńlá tí ń kó èrò o; ti àwọn kéékèèké àtijọ́ ni, àwọn tí a fi aṣọ tí a kùn lọ́dà bo ara wọn, tí ènìyàn méjì péré ń wọ̀, tí wọ́n sì dàgbà ju ẹni tí ń wà wọ́n lọ. Ohun tí mo ń pè ní ẹsẹ̀ ni àwọn ọ̀pá irin oníhò tí ó gbé táyà dúró lábẹ́ ikùn bàálù, pẹ̀lú okùn rọ́bà tí a wé mọ́ wọn kí ó lè gba ìkọlù ilẹ̀. Bí bàálù bá wà lókè, ẹrù lásán ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó kanlẹ̀ ni gbogbo ayé tó ń rántí rẹ̀. Dókítà Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè mí ní pápá wa. Àwọn awabàálù a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí adìẹ ìyá àwọn bá ń tiro, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn máa gbé e wá.

Àbúrò ìyàwó mi wà lára wọn. Àṣá ni ìnagijẹ tirẹ̀, nítorí ó máa ń bà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ débi pé koríko kì í mọ̀. Bàálù pupa kan ni ó fi ń gbé àwọn tó bá fẹ́ wo ìlú láti òkè. Ní ọjọ́ kan, mo ń nu ẹrẹ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ òsì bàálù náà, ni mo rí ìlà kan ní oríkèé, níbi tí wọ́n ti jó irin méjì pọ̀. Ó tín-ín-rín ju irun orí ọmọ ọwọ́ lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀dà ni ó sán. Mo ha ọ̀dà náà kúrò, mo gbé gíláàsì tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lé e. Irin náà gan-an ni ó là.

Kò sí oníṣẹ́ wa tí kò mọ ohun tó kàn: kí bàálù má kúrò nílẹ̀ mọ́, kí a gé ibẹ̀, kí a jó irin tuntun sí i. Kò le rárá. N kò ṣe é. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì ṣe ìkórìíra. Ìlà náà ni ó wù mí. Ní ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù tí mo lọ, olùkọ́ wa máa ń yìn mí pé ọmọ tó ń béèrè ni mí. Bóyá ó gbàgbé láti fi kún un pé àwọn ìbéèrè kan wà tí a kì í fi ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn wá ìdáhùn wọn. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó: báwo ni irin ṣe ń kú? Ṣé lójijì ni, àbí díẹ̀díẹ̀? Ṣé ó máa ń sinmi lójú ọ̀nà? Gbogbo irin tí wọ́n ń gbé wá fún mi ti kú tán kí n tó rí i. Èyí nìkan ni mo bá láàyè.

Mo mú abẹ́rẹ́, mo ha àmì síbi tí ìlà náà parí sí, mo sì fi ọ̀dà pupa bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tí Àṣá fò tí ó sì bà, mo nu ọ̀dà náà, mo wò ó. Ìlà ti kọjá àmì mi. Mo ha òmíràn. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Mo rí i pé bí ilẹ̀ bá gbẹ tí ó le, ìlà a sáré. Bí òjò bá ti rọ̀ tí pápá dẹ̀, ìlà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Mo ní bí ó bá yí ọ̀pá ká dé ìdajì, màá dá bàálù náà dúró. Ó dé ìdajì. Mo ní ìdajì kọ́ ni òpin. Àṣá ti ń fura sí mi, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń fura sí. Ó bi mí bóyá mo ti fẹ́ ẹsẹ̀ òsì yẹn níyàwó kejì ni, ó ní òun máa fẹjọ́ mi sun ẹ̀gbọ́n òun. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rù ń bà mí láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mo ti yẹ ìlà náà wò. Ó kù díẹ̀ kí orí rẹ̀ bá ìdí rẹ̀. Mo ní, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i. Ìyàwó mi wá kí wa ní pápá. Ó pẹ́ tí àbúrò rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wọ bàálù, tí ó ń kọ̀. Ọjọ́ yẹn ni ó gbà. Ó ní òun fẹ́ wo òrùlé ilé wa láti òkè, kí òun lè mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni mo ti pààrọ̀ páànù tó ń jò. Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kí ó tó bojú wẹ̀yìn wò mí.

“Dókítà, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ le ṣá?”

“Ó le,” ni mo wí.

Bí mo bá sọ òdodo, wọn á nu ọ̀dà náà, wọn á sì bá àmì mi níbẹ̀. Mo dúró létí pápá títí wọ́n fi ń padà bọ̀. Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù: kì í ṣe ojú ìyàwó mi ni mò ń wò. Ẹsẹ̀ òsì ni. Àṣá bà jẹ́jẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ká sábẹ́, apá bàálù gún ilẹ̀, ó sì yí bírí. Ara Àṣá kàn bó díẹ̀ ni. Egungun ìbàdí ìyàwó mi fọ́, kò sì rìn tààrà mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ibi tí irin ti là tipẹ́ a máa pọ́n fún ìpẹtà. Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ a máa dán. Nígbà tí wọ́n ń gbé ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn, èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fá ìpẹtà náà títí gbogbo rẹ̀ fi dán bákan náà; àwọn àmì mi ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà. Ọ̀gá tó wá ṣe àyẹ̀wò wò ó, ó ní irin tó dára ni, awabàálù ni ó já a lulẹ̀. Ó bi mí ohun tí èmi rí sí i. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Àṣá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ rẹ̀ bí ọwọ́ àjèjì. Kò fò mọ́. Wọ́n yí ìnagijẹ rẹ̀ padà sí Adìẹ, ó sì lọ ń wa ọkọ̀ ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́; ó ní fáàrí ni ó fẹ́ fi òun ṣe. Lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, ó sọ fún mi pé òun rí òrùlé wa kedere, kò sí páànù tuntun kankan lórí rẹ̀. Ó ní mo parọ́ fún òun. Irọ́ kan ṣoṣo tó bá lọ́wọ́ mi títí ó fi kú nìyẹn.

Mo lọ bá Àṣá ní yàrá rẹ̀, mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Ó dorí kodò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò lè gba ọpẹ́ náà. Mo tú irin ẹsẹ̀ òsì tí mo ti gbé pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá, mo nu ọ̀dà ara rẹ̀, mo gbé e ka orí tábìlì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó fi èékánná tọ àwọn àmì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni ó gbé irin náà súnmọ́ fèrèsé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó. Ìlà yìí ò dá lọ mọ́ níbí. Inú àmì yín ló ń gbà.”

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Abẹ́rẹ́ mi ti dá ọgbẹ́ sí ara irin náà, ìlà sì ń ti inú ọgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Mo pe ara mi ní òǹwòran, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Ó tún bi mí bóyá mo ti mọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun béèrè ìbéèrè yẹn. Mo ní mo ti mọ̀. Ó gbé irin náà padà sórí tábìlì.

“Ìdáríjì tí ẹ gbé wá yẹn, tèmi kọ́. Tiyín náà sì kọ́, torí kò mọ̀ kó tó lọ. Ẹ lọ sọ ohun tí ẹ ṣe níbi tí wọ́n ti sọ mí ní Adìẹ.”

Mo ti sọ ọ́ ní pápá, lójú gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nísinsin yìí mo kọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀mí ènìyàn ń gba ọwọ́ yín kọjá, bí ẹ bá rí ìlà, ẹ má dúró wo ibi tó ń lọ. Ẹ gé e. Ẹ lè wá béèrè ìbéèrè yín lọ́wọ́ èyí tí ẹ gé. Àbúrò mi, n kò bẹ̀ ọ́ pé kí o tètè dárí jì mí. Mo kàn bẹ̀ ọ́ pé kí o gba ọwọ́ rẹ padà, nítorí ọwọ́ náà kò ṣe ibi kankan rí.

Ìwọ tí o rán mi níṣẹ́, mo ti jẹ́ ẹ, mo sì jẹ́ ẹ kọjá bí o ti rán mi. Mo gun orí òrùlé wa lánàá. Mo ti pààrọ̀ páànù náà.