Ọmọ Tí Kò Dáhùn Nígbà Tí Nọ́ọ̀sì Pè É

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbé mi dúró síwájú yín láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí. Ẹ bá mi ké Haleluya náà, ó ti rẹ èmi jù láti ké e. Ẹ ṣeun. Mi ò ní pẹ́.

Nítorí ọmọ ọmọ mi ni mo ṣe jáde. Ẹ mọ̀ ọ́n, Yétúndé, ọmọ Gbénga. Òun ló ń fa gèlè ìyá rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Kò tíì pé ọdún méjì. Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú ni wọ́n bí i, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Yétúndé. Gbénga ń ṣiṣẹ́ ní Warri, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, nítorí náà èmi àti Fúnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, la jọ ń tọ́ ọmọ náà ní àdúgbò Ogida níbí.

Ẹ̀yin ìyá, mo kí yín. Nígbà tí àwọn ọmọ tèmi wà ní kékeré, ìyá wọn ló ń pọ̀n wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́. Á padà dé, á máa kọ orin tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ wọn, mo máa ń rò pé ibi ayọ̀ ló ti ń bọ̀. Ní báyìí tí èmi náà ń bá wọn lọ, àyà mi máa ń já kí a tó dé ẹnu ọ̀nà. Lónìí, wọ́n á ní ọmọ ò wúwo tó. Lọ́jọ́ mìíràn, nọ́ọ̀sì á fi tépù wọn orí rẹ̀, á tún wọ̀n ọ́n, ẹ̀mí Fúnkẹ́ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ọmọ ò ṣàìsàn o! Àwa tí a gbé e lọ là ń ṣàìsàn.

Ohun tó gbé mi wá síwájú yín bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó ìlera kan lẹ́yìn Siluko Road. Wọ́n ti fún ọmọ lábẹ́rẹ́, ó ti sunkún tán, ó ń fi ìdérí ìgò ṣeré nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó pè é: "Yétúndé!" Ọmọ ò gbójú sókè. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, ọmọ yíjú, ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ìdérí ìgò. Ó tún pè é, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

Ó yí sí Fúnkẹ́. "Madam, this pikin no sabi her name?"

"E be like say she don tire, ma."

Nọ́ọ̀sì náà ò bú wa. Ó ní ọmọ tó bá ti tó báyìí yẹ kó dá orúkọ rẹ̀ mọ̀. Tí kò bá dá a mọ̀, ó lè jẹ́ etí, ó lè jẹ́ ọpọlọ, ó sì lè má jẹ́ nǹkan kan. Kí a ṣáà gbé e lọ bá dókítà àwọn ọmọdé. Ẹ̀yin ará, nínú gbogbo ohun tó sọ, ọpọlọ nìkan la gbé délé.

Fúnkẹ́ ò jẹun dáadáa mọ́. Á fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á pe Yétúndé, á wá yọjú wò ó bóyá ó gbọ́. Ọmọ á máa bá eré rẹ̀ lọ. Gbénga pè é lórí fóònù láti Warri títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọmọ fẹ́ jẹ fóònù. Èmi tí mo ti yunifásítì jáde láyé ọjọ́un, tí mo rò pé kò sí ohun tí mo lè kà tí kò ní yé mi, mo ń ka nípa àìsàn ọmọdé. Bí mo ṣe ń kà á ni àárẹ̀ ń mú mi sí i. Ohun tó ń já mi láyà ni pé mo ti darúgbó. Tí ọmọ yìí bá nílò ẹni tí yóò máa mú un lọ́wọ́ kiri ní gbogbo ayé rẹ̀, ọwọ́ tèmi kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ bá wa gbàdúrà nínú ìjọ yìí, ẹ gbààwẹ̀, Ọlọ́run á san án fún yín. Èmi fúnra mi, àdúrà mi ò gùn. Mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń ní, "Baba, ó rẹ̀ mí. Là wá lójú." Ó parí.

Ọjọ́ tí a lọ rí dókítà ní Sapele Road, èrò pọ̀. A jókòó títí ìdí fi ń ro mí. Dókítà náà, obìnrin Edo kan tó lọ́yàyà, fi iná wo etí ọmọ, ó mi agogo kékeré lápá ọ̀tún, ó mì í lápá òsì. Ọmọ ń yíjú síbẹ̀. Ó wá pè é: "Yétúndé!" Ọmọ ṣì ń wo agogo. Ó tún pè é. Mo rí Fúnkẹ́ tó ń fi ìborùn nu ojú.

Gbogbo rẹ̀ sú mi. Mo nawọ́ sí ọ̀pá mi, mo sì sọ bí mo ṣe máa ń sọ nílé: "Ìyàwó mi, jẹ́ ká máa lọ sílé o."

Ọmọ dìde! Ó rìn tagétagé kọjá ìyá rẹ̀, ó gbá ọ̀pá mi mú, ó ń fà á lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Dókítà ní, "Baba, wetin you call am?"

Mo ní, "My wife."

"And you, Mummy?"

Fúnkẹ́ ní, "Màmá."

"Daddy nko?"

"Màmá náà ni."

"So who dey call am Yetunde for una house?"

Ẹ̀yin ará, kò sí! Láti ọjọ́ tí a ti sọ ọmọ lórúkọ, kò sẹ́ni tó fi orúkọ náà pè é, àfi ìgbà tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá. Fúnkẹ́ wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Dádì, ṣé kí n wá máa pe ìyá ọkọ mi lórúkọ ni?" Gbénga gbà pé ìyá òun ló wá. Èmi ńkọ́? Ẹnu mi ni kò gbà á. Èmi ni mo sin ìyá wọn, mo mọ ibi tó wà. "Ìyàwó mi" rọrùn fún mi láti pè. Kò ní kí n sọ pé ẹnikẹ́ni padà wá.

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Una wan kill una self! The pikin dey answer wetin una dey call am." Ó tún yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Etí pé, ọpọlọ pé. Ó ní kí a máa fi orúkọ rẹ̀ pè é nílé.

Ẹnì kan lè ní, kí ni iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀? Mi ò bá a jà. Ojú la bẹ Ọlọ́run pé kó là, ojú náà ló là.

Wọ́n ní èmi àgbà ni kí n kọ́kọ́ pè é. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo kọ́kọ́ pe orúkọ náà fún ara mi. Yétúndé. Ó ṣòro. Mo jáde, mo pè é, ó wò mí bí ẹni ń wo àlejò. Ṣùgbọ́n lánàá, mo pè é láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Wetin?" Ìyá Gbénga kò jẹ́ gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Èmi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ bá mi pè é, gbogbo wa. Jẹ́jẹ́ o, ẹ má dẹ́rù bà á. Yétúndé!

Ẹ rí i? Ó yíjú. Ó ń wá ẹni tó pè é.

Ògo ni fún Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà kúkúrú. Ẹ̀yin akọrin, ẹ bá wa dá orin ọpẹ́. Ẹ dìde, ẹ jó, ẹ bá mi jó tèmi mọ́ ọn. Èmi ń lọ jókòó ti Yétúndé.