Obìnrin Tó Mọ Àsìkò Ebi Ọkọ Mi

Nínú ọkọ̀ Ìsẹ́yìn sí Ìgànná, nọ́ọ̀sì kan tó jókòó níwájú mi ń bá obìnrin àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ọ̀sán ni mò ń ṣe lóṣù yìí. Ọ̀dọ̀ obìnrin tí òun àti ọkọ mi jọ ń hun aṣọ òfì lọkọ mi ti ń jẹun."

"Ṣé oúnjẹ nìkan ni?"

"Oúnjẹ nìkan ni. Ṣùgbọ́n lánàá tí mo wà nílé, obìnrin náà pè mí lórí fóònù pé kí n má tíì rokà, pé aago mẹ́rin ni ebi máa ń pa ọkọ mi."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo gbé e fún un ní aago méjì. Ó jẹ òkèlè mẹ́ta, ó ní ebi ò tíì pa òun."

Nọ́ọ̀sì náà nu ojú rẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń se oúnjẹ fún un, ẹ̀gbọ́n mi."