Ẹ̀wù Mímọ́ Tí Mo Wọ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Aláìlórí

Ẹ̀yin ará ilé ìfọṣọ, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ ní kí n wá pa yín lẹ́rìn-ín lónìí tí mo ń fẹ̀yìn tì, àmọ́ ìwé ni mo mú lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu mi má baà yà síbòmíràn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, ó tó kí n pọ̀ ọ́ jáde. Màmá Áyọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń bá wa lọ aṣọ nígbà náà, kò ṣe é. Èmi ni. Ohun tí ẹ torí rẹ̀ pa wọ́n tì, tí wọ́n fi kúrò níbí láìsí ẹni tó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ mi ló ṣe é, ẹnu mi ló sì gbé e lé wọn lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà náà, arákùnrin kan ń bá wa ká aṣọ ibùsùn, ọmọ ìjọ Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn. Mọ́mọ́nì la máa ń pè é. Kì í mu tíì, kì í mu kọfí, kì í sì í bínú; àìbínú yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Lójoojúmọ́, tí a bá jókòó jẹun ọ̀sán lórí àwọn àpò aṣọ, èmi àti òun á bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí Ọlọ́run, ẹ̀yin á sì máa pàtẹ́wọ́.

Ó ní Baba ní ara, ẹran àti egungun, àmọ́ ara ògo tí kì í kú; Ọmọ náà ní tirẹ̀; Ẹ̀mí Mímọ́ nìkan ni kò ní. Ó ní ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ète wọn ló jẹ́ ọ̀kan.

Mo ní, "Ó dáa. Bàtà nọ́ńbà mélòó ni Baba ń wọ̀?"

Ilé fẹ́ẹ̀ wó fún ẹ̀rín. Òun náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi bàtà sílẹ̀ ná. Nígbà tí Jésù ń gbàdúrà nínú ọgbà, ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo dìde, mo ṣe àyà gbàgàdà. "Wò mí! Ọmọ ni mo jẹ́ fún ìyá mi, ọkọ ni mo jẹ́ fún ìyàwó mi, bàbá ni mo jẹ́ fún àwọn ọmọ mi. Ẹni mélòó lo rí? Ẹyọ kan! Mẹ́talọ́kan nìyẹn!"

Ẹ pariwo, ẹ fẹ́ gbé mi sókè. Àfi bí Màmá Áyọ́ọ̀nù, tí èmi àti wọn jọ ń lọ sí ìjọ kan náà, tí wọ́n sì ti kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣe gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀.

"Aláwàdà, irọ́ lo pa yẹn. Ìjọ tiwa gan-an kò gba ohun tí o sọ. Baba kì í ṣe Ọmọ, Ọmọ kì í ṣe Ẹ̀mí, síbẹ̀ Ọlọ́run kan ṣoṣo ni. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń pààrọ̀ fìlà bíi tìẹ, a jẹ́ pé òun nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀ nínú ọgbà. Èmi ò gbà pẹ̀lú ọmọ yìí o, àmọ́ ó mọ ohun tó gbà gbọ́. Ìwọ ò mọ tìẹ."

Ha! Ẹ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín tí kì í ṣe èmi ni mo ṣètò rẹ̀. Kí ló yẹ kí n ṣe? Kí n lọ kàwé. Èmi lọ wá ẹ̀san.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìyàwó Mọ́mọ́nì bímọ, ọkọ fúnra rẹ̀ ló wá ń fọṣọ ilé. Ó gbé ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ funfun kan wá bá mi nídìí ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, ó rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbẹ eléyìí lọ́tọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń rán mi létí májẹ̀mú tí mo bá Ọlọ́run dá nínú tẹ́ńpìlì. N kì í fi han èèyàn, àmọ́ ẹ̀yin kì í ṣe àjèjì."

Ó yẹ kí inú mi yọ́. Kò yọ́.

Ẹ mọ Ọ̀gbẹ́ni Aláìlórí, ẹ̀rọ tí Màmá fi ń na ẹ̀wù. Ó léjìká, ó láyà, kò lórí. Tí a bá tẹ irin ìsàlẹ̀ rẹ̀, atẹ́gùn gbígbóná á kún inú rẹ̀, á sì wú bí ọ̀gá tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo wọ ẹ̀wù mímọ́ náà fún un. Mo so páálí mọ́ ọn láyà: ỌLỌ́RUN ẸLẸ́RAN-ARA TI DÉ, Ẹ WÁ KÍ I. Mo fi aṣọ bò ó bí Màmá ṣe máa ń bò ó.

Nígbà tí gbogbo yín pé, Màmá ṣí aṣọ náà. Ẹsẹ̀ wọn ti wà lórí irin kí ojú wọn tó ríran. Ó wú. Ó ń mì. Ẹ rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀, tèmi ló sì pọ̀ jù. Ìgbà yẹn ni mo rí Mọ́mọ́nì lẹ́nu ọ̀nà. Ó rìn wá, ó bọ́ ẹ̀wù náà bí ẹni ń bọ́ aṣọ lára ọmọ tó ń sùn, ó ká a mẹ́rin, ó fi sábẹ́ apá.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Rárá o. Máníjà pè mí síwájú gbogbo yín: "Ọwọ́ rẹ ni ẹ̀wù yìí wà lánàá. Kí lo ṣe sí i?" Mo ní, "Orí tábìlì Màmá ni mo gbé e sí, sà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, èmi ò mọ̀."

Mọ́mọ́nì yíjú sí wọn. "Màmá, mo ti dárí jì yín."

"Kí lo dárí rẹ̀ jì mí? Mi ò ṣe é!"

"Mo ti dárí jì yín, mà."

Ọ̀rọ̀ rere yẹn ló dùn wọ́n jù. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi kó ẹrù wọn kúrò. Èmi ni mo tún dìde gbàdúrà pé kí Ọlọ́run yí ọkàn wọn padà. Ẹ ò rí aláìlójútì!

Lóṣù tó kọjá tí ọkàn mi fẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ta ló wá kí mi nílé ìwòsàn? Màmá. Wọ́n kí mi tán, wọ́n bi mí pé, "Ṣé wọ́n ṣì ń sọ níbẹ̀ pé èmi ni?" Mo jẹ́wọ́. Mo ń retí ìgbájú. Ì bá dáa bí wọ́n bá gbá mi. Wọ́n kàn ní, "Inú yàrá yìí kọ́ lo ti purọ́. Lọ sọ ọ́ níbi tí o ti sọ ọ́."

Mo lọ bá Mọ́mọ́nì náà nílé, mo kúnlẹ̀. Mo ti mọ̀ pé á dárí jì mí, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àfi bó ṣe káwọ́ lérí. "Yéè! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ mí! Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tiyín á dúró ná. Èmi gan-an ni mo jẹbi Màmá báyìí."

Ó ti bẹ̀ wọ́n. Àwọn méjèèjì wà níta báyìí, lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní kí Màmá wọlé, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan kọ́ lo lé mi. Gbogbo ilé ló gbà ọ́ gbọ́."

Ẹ foríjì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa jiyàn lórí Ọlọ́run, kò burú. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ẹ̀rù kí ẹ má tẹ́ ń bà yín ju ẹ̀rù kí ẹ má ṣìnà lọ, ẹ pa ẹnu dé. Ìwé mi parí. Ìlẹ̀kùn ló wà níbẹ̀ yẹn. Èwo nínú yín ni yóò lọ pe Màmá wọlé?