Omi Iṣu Tí Mo Dà Sídìí Tòmátì Mùnírátù

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní ènìyàn rere ní Ìrémọ, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó tún mi pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ jáde kúrò nínú ilé wa. Láti ọdún 1993 ni, ó sì ti rẹ̀ mí.

Ilé kan náà ni èmi àti Mùnírátù, ìyàwó Oyèlárán, jọ ń gbé. Lọ́dún náà, ọkọ rẹ̀ fún un ní ilẹ̀ nínú oko rẹ̀ níhà Modákẹ́kẹ́, kí ó fi gbin tòmátì. Àwa méjèèjì gbin irúgbìn tòmátì sínú abọ́ tó ti lu, a gbé wọn sójú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí àkọ́rọ̀ òjò má baà lù wọ́n pa. Tirẹ̀ yọ, ewé rẹ̀ dúdú minimini. Tèmi rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń na ọrùn síta bí ẹni tó ń retí àlejò. Gbogbo ilé ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yẹ irúgbìn. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, owú sì ń jẹ mí, àgbà bí èmi.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a kó wọn lọ sóko, a ń gbé wọn síta láàárọ̀ kí oòrùn lè mọ́ wọn lára. Mùnírátù fẹ́ lọ pọn omi, ó ní kí n bá òun ṣọ́ tòun kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́. Ẹ wo ẹni tó fi ṣọ́ nǹkan. Iṣu mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Mo gbé ìkòkò, mo da omi rẹ̀ tó ń hó sídìí tòmátì náà, díẹ̀díẹ̀, n kò jẹ́ kó kan ewé.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti sùn sílẹ̀. Mùnírátù ń sunkún, ó ń bi mí pé kí lòun ṣe. Èyí ló burú jù: èmi ni mo sọ fún un pé bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni kò yẹ irúgbìn mọ́. Ó gbà mí gbọ́. Ọkọ rẹ̀ fi ilẹ̀ náà gbin ẹ̀gẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ṣú, mo ní kó bá mi gbé abọ́ tòmátì mi wọlé. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ìyá Bọ̀sún, ẹ má jẹ́ n fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ mi máa ń pa irúgbìn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí nínú jẹ́. Èmi tí mo jù ú lọ, mo kúnlẹ̀ fún un, mo jẹ́wọ́.

Àárọ̀ yìí ló tó wá kanlẹ̀kùn mi.

“Mi ò tíì dárí jì yín o. Ẹ fún mi nínú tòmátì yín.”

Mo gbé èyí tó dára jù fún un. Ó mirí. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ, tòun ti erùpẹ̀ ìdí wọn, ó ní òun fẹ́ wo ohun tí ọwọ́ òun lè ṣe. Ó sì gba ọ̀nà oko lọ. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ sì bá wa tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí wọ́n yè.